Ọ̀rọ̀ Owó Nínú Ìwé Tíátà

Ìjà ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ìjà ọmọ ìyá ni.

Ní oṣù tí ó kọjá, mo yá ìwé tí Ẹ̀bùn Clark kọ nípa Hubert Ògúndé ní 1979. Ẹnì kan ti kà á ṣáájú mi. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan orin àti òṣèlú, ó fi pẹ́ńsùlù fàlà sábẹ́ rẹ̀ títí ìwé fẹ́rẹ̀ẹ́ ya. Níbi tí ọ̀rọ̀ ti kan owó, ó kọ ọ́ sí etí ìwé pé: “Èyí kò kan lítíréṣọ̀.” Nígbà tí mo ròyìn èyí ní ìpàdé wa, àwọn tí ó gbè sẹ́yìn onípẹ́ńsùlù pọ̀ ju àwọn tí ó gbè sẹ́yìn mi lọ. Ọ̀kan tilẹ̀ ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń sọ òṣèré di ọlọ́jà.

Ta ni ó sọ fún un pé òṣèré kì í ṣe ọlọ́jà? Ọlọ́pàá ni Ògúndé. Eré ìjọ ni ó kọ́kọ́ ṣe ní Glover Hall, l’Ékòó, ní 1944. Ní ọdún kejì ó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ kí ó lè máa fi eré jẹun. Láti ìgbà náà, bí èrò kò bá wá, ebi ni. Àwọn àgbà tí wọ́n ní owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìn rere kò ṣe ẹ̀fẹ̀.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó rẹ̀. Bí a bá kà á débẹ̀, ẹ̀rín ni a máa ń rín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wà níbẹ̀. Òbí kò fẹ́ kí ọmọbìnrin wọn di eléré nígbà náà. Èyí tí ó bá sì gbà, tí a kọ́ ọ ní ijó àti orin, ọkọ lè wá fẹ́ ẹ lọ ní ọ̀la. Nígbà tí Ògúndé fẹ́ àwọn òṣèré rẹ̀, ilé àti ibi iṣẹ́ di ọ̀kan. Ǹjẹ́ ó rọ àwọn obìnrin náà lọ́rùn? Ìbéèrè tí ó yẹ kí a máa bi nìyẹn, kí a fi ẹ̀rín sílẹ̀.

Ẹ wo Yorùbá Ronú náà. Ní 1964 ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi òfin de ẹgbẹ́ Ògúndé. Òfin náà kò kúrò títí di 1966. A ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ibo ni ìjọba dì mú? Ọ̀nà ọ̀fun ni. Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo, Oǹdó, níbi tí eléré Yorùbá ti ń rí owó, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tì mọ́ ọn. Ẹni tí ó fo ọ̀rọ̀ owó kò mọ bí ìyà náà ti tó.

Níbì kan, àwọn alátakò mi jàre. Ìwé Clark, ìwé Biodun Jeyifo ti 1984, àti ìwé Karin Barber ti 2000 lórí ẹgbẹ́ Oyin Adéjọbí, tí òun fúnra rẹ̀ bá ṣeré, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ gbogbo wọn. Bóyá ni awakọ̀ tí ó gbé eléré kiri lè ka ohun tí a kọ nípa rẹ̀. Ọrùn ta ni ẹ̀bi wà? Ọrùn àwa tí a ń pe ara wa ní ẹgbẹ́ Yorùbá, tí a jókòó ti pẹ́ńsùlù.

Ògúndé ti lọ ní 1990, Adéjọbí ní 2000, Moses Ọláìyá, Baba Sàlá, ní 2018. Fídíò ti gba ọjà lọ́wọ́ eléré alárìnkiri. Àwọn tí ó bá wọn wọ ọkọ̀ ń darúgbó lọ. Ní ìsinmi tí ń bọ̀, èmi yóò mú ìwé àti kálámù tọ̀ wọ́n lọ. Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni pé: èló ni ẹ pa lálẹ́ ọjọ́ náà, báwo ni ẹ sì ti ṣe pín in? Èdè Yorùbá ni n ó fi kọ ìdáhùn wọn. Ẹni tí ìbéèrè náà bá ń tì lójú, kí ó jókòó sílé. Ẹni tí kò bá tì, kí ó wá bá mi.