Ẹ má fi iye àtúnṣe pe sọ́fítíwia ní òkú

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́.

Àwa olùkọ́ jókòó láti yan sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ tí a ó máa fi ṣírò moyenne àwọn ọmọ. Mo dá ọ̀kan lábàá. Àbúrò kan láàárín wa ṣí ojú-ewé rẹ̀ lórí GitHub, ó wo àwòrán tó ń fi iye àtúnṣe hàn, ó ní: «Ẹ̀gbọ́n, eléyìí ti kú. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí wọn kò fọwọ́ kàn án.» Ni gbogbo wọn bá mú òmíràn tí àtúnṣe ń wọ inú rẹ̀ lójoojúmọ́. Wọ́n pọ̀ jù mí lọ, mo gbà. Pé wọ́n jàre, n kò gbà.

Kí ni iye àtúnṣe ń wọ̀n? Iye ìgbà tí ọwọ́ kan kóòdù ni. Bí inspecteur bá ka iye ojú-ìwé tí mo kọ sínú ìwé ìmúrasílẹ̀ ẹ̀kọ́ mi, ó mọ̀ pé mo kọ̀wé púpọ̀. Kò tíì mọ̀ bóyá ọmọ lè kàwé.

Ẹ wo TeX, tí Donald Knuth bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1970, tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ṣì fi ń tẹ ìwé wọn títí dòní. Ọdún púpọ̀ máa ń kọjá kí ó tó tún nǹkan ṣe nínú rẹ̀. Ní 2021, nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ di 3.141592653, nítorí ńṣe ló ń sún mọ́ pi díẹ̀díẹ̀. Àbúrò wa ìbá ti gbẹ́ ilẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tó gún ni, kì í ṣe iṣẹ́ tó kú.

Ẹ tún wo Hacktoberfest ọdún 2020. DigitalOcean ṣèlérí tíṣáàtì fún ẹni tó bá fi àtúnṣe mẹ́rin ránṣẹ́ sí àwọn sọ́fítíwia ọ̀fẹ́ lóṣù kẹwàá. Kí làwọn èèyàn ṣe? Wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì tí kò wúlò kún ìwé àlàyé, wọ́n ń pè é ní àtúnṣe. Ìdọ̀tí yìí pọ̀ débi pé wọ́n yí òfin padà láàárín oṣù yẹn kan náà. Àgbá òfìfo ní ń pariwo.

Ti xz ló burú jù. Irinṣẹ́ kékeré tó ń fún fáìlì pọ̀ ni, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux. Lasse Collin, ọmọ Finland, fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a tọ́jú fún ọ̀pọ̀ ọdún láìgba owó. Ní 2022, àwọn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fúngun mọ́ ọn: iṣẹ́ ń falẹ̀, àtúnṣe kò pọ̀, ó yẹ kí olùtọ́jú tuntun dé. Ẹ gbọ́ o: iye àtúnṣe ni wọ́n fi bú u! Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní «Jia Tan» sì wà nítòsí, ó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ láìsinmi. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́. Ní oṣù kejì 2024, ẹ̀dà 5.6.0 jáde pẹ̀lú ilẹ̀kùn ìkọ̀kọ̀ nínú. Lórí àwòrán, ara xz dá ṣáṣá nígbà náà! Andres Freund tó tú àṣírí náà kò ti ara iye àtúnṣe mọ̀ ọ́n. Ó rí i pé wíwọlé sórí kọ̀ǹpútà ń fi nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì wádìí rẹ̀ dé gbòǹgbò.

N kò ní kí a da iye nù. Ìdákẹ́jẹ́ lè jẹ́ àmì àìsàn lóòótọ́, pàápàá níbi tí wọ́n ti ń ké nípa àléébù ààbò tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Ṣùgbọ́n kí iye mú wa béèrè ọ̀rọ̀ ni, kó má ṣe dá ẹjọ́ fún wa. Èèyàn mélòó ló ní kọ́kọ́rọ́? Bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, ta ló kù? Nígbà tí wọ́n fi àṣìṣe ńlá tó wọn létí, ọjọ́ mélòó ni wọ́n fi dáhùn? Bí iṣẹ́ náà bá parí lọ́la, ṣé a lè kó àkọsílẹ̀ wa jáde? Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Mo ti wo èyí tí wọ́n yàn nílé-ìwé wa. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń ṣe gbogbo àtúnṣe ojoojúmọ́ yẹn. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń kà mí níbí, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká tún un gbé yẹ̀wò ká tó kó orúkọ àti máàkì àwọn ọmọ ọlọ́mọ sínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Kútọnu, ẹ bá wa dá sí i.