Iye Wo Lẹ Ń Kà? Lẹ́tà Gbangba sí Àwọn Tó Ń Ṣe Ìjábọ̀ ní Warri

Sí ẹ̀yin ọ̀gá ilé iṣẹ́ epo, ti báńkì àti ti àjọ ìjọba ní Warri, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń fi ètò kọ̀ǹpútà Power BI àti Excel ṣe ìjábọ̀ fún wọn.



Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ìròyìn gba ìlú kan pé ilé iṣẹ́ ìfọpo Warri tó wà ní Ekpan ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Láti ọdún 1978 ni wọ́n ti ṣí i. Agbára rẹ̀ lórí ìwé jẹ́ àgbá epo rọ̀bì 125,000 lójúmọ́. Ohun tí NNPC, ilé iṣẹ́ epo ìjọba, kéde ni pé ó ń ṣiṣẹ́ ní ìdá 60 nínú 100. Inú ará ìlú dùn. Ṣùgbọ́n ìdá 60 nínú kí ni? Bó bá jẹ́ nínú àgbá 125,000, a jẹ́ pé àgbá 75,000 ló yẹ kó máa wọ inú ẹ̀rọ lójúmọ́. Bó bá jẹ́ ti ẹ̀ka kan ṣoṣo tí wọ́n tún ṣe, iye mìíràn nìyẹn. Bó bá sì jẹ́ ibi tí iṣẹ́ àtúnṣe dé ni wọ́n ń sọ, kò kan àgbá rárá. Gbólóhùn tó dé etí ará ìlú kò ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 25 oṣù Kìn-ín-ní 2025, wọ́n tún ti pa ẹ̀rọ náà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú ni lẹ́tà yìí bá wá. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín ni. Irú ìdá 60 bẹ́ẹ̀ kún ojú kọ̀ǹpútà ní àwọn ọ́fíìsì láti Effurun dé Enerhen, àwọn èèyàn sì ń fi ṣe ìpinnu lójoojúmọ́.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ nìyí. Ọ̀gá á ní òun fẹ́ rí ìjábọ̀ kí ìpàdé ọjọ́ Ajé tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó mọ Power BI á kó dátà jọ láti inú fáìlì Excel mélòó kan, á ya àwòrán, á kùn ún ní àwọ̀ ilé iṣẹ́. Ìpàdé á parí, ọ̀gá á ní ó dáa. Ó di ìgbà tí ọ̀dọ́ náà bá ríṣẹ́ sí Èkó, tàbí tí alágbàṣe bá ń wá owó rẹ̀ tó kù, kí ẹnìkan tó rántí pé ó yẹ kí àkọsílẹ̀ ètò wà. Wọ́n á wá sáré tò ó: fọ́tò ojú kọ̀ǹpútà, orúkọ sáfà, àmì ilé iṣẹ́ lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Ohun tí iye kọ̀ọ̀kan ń kà ni kò ní sí níbẹ̀. Àṣà yìí kò dára, ó sì yẹ kó dópin.

Ẹ mú ìbéèrè tí wọ́n ń bèèrè jù ní agbègbè yìí: àgbá mélòó la rí lánàá? Ṣé epo rọ̀bì nìkan ni, àbí pẹ̀lú condensate, epo fífúyẹ́ tó ń bá gáàsì jáde? OPEC, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ta epo, kì í ka condensate mọ́ ìpín Nàìjíríà, NUPRC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó wíwa epo, sì máa ń gbé e jáde lọ́tọ̀. Ọ́fíìsì méjì lè mú iye méjì wá kí méjèèjì sì tọ̀nà. Ibo ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n? Ohun tó ń jáde lẹ́nu kànga ṣì ní omi nínú, ti flow station tí epo kànga ń kó jọ sí yàtọ̀, ti èbúté Forcados náà yàtọ̀. Ìgbà wo ni ọjọ́ bẹ̀rẹ̀, ṣé ọ̀gànjọ́ òru ni àbí aago mẹ́fà àárọ̀? Ní oṣù Kẹwàá 2022, Mele Kyari tó jẹ́ ọ̀gá àgbà NNPC nígbà náà sọ pé àwọn rí páìpù olè kan tó gùn tó kìlómítà 4, láti ojú ọ̀nà epo Forcados dé inú òkun, tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ọdún 9 láìsí ẹni tó mọ̀. Ìjábọ̀ tó bá da iye ẹnu kànga pọ̀ mọ́ iye èbúté kò lè fi irú àlàfo bẹ́ẹ̀ han ẹnikẹ́ni.

Rògbòdìyàn owó epo ọdún 2013 kò jìnnà sí èyí. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Sanusi Lamido Sanusi, gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, kọ̀wé sí Ààrẹ Goodluck Jonathan pé NNPC kò tíì san dọ́là bílíọ̀nù 49.8 wọlé. Nígbà tí wọ́n jókòó ṣírò rẹ̀, ó di bílíọ̀nù 10.8; ní oṣù Kejì 2014, Sanusi ní bílíọ̀nù 20 ni; PwC, ilé iṣẹ́ aṣàyẹ̀wò owó tó yẹ ìwé wò lẹ́yìn náà, ní kí NNPC dá bílíọ̀nù 1.48 padà, ó kéré tán. Lára ohun tí wọ́n fi ṣàlàyé ìyàtọ̀ náà ni epo tí NNPC gbé lórúkọ FIRS, àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, àti NPDC, ẹ̀ka NNPC tó ń wa epo, tí owó rẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn. Bóyá owó sọnù tàbí kò sọnù, ẹjọ́ mìíràn nìyẹn. Ohun tó dájú ni pé kò sí ìwé kan tí gbogbo wọn ti fọwọ́ sí tẹ́lẹ̀, tó sọ ohun tí wọ́n ń pè ní owó tí a kò san.

Ẹ fi èyí wé ti àjọ ìṣirò NBS. Ìdá 33.3 nínú 100 ni wọ́n ní kò ríṣẹ́ ní ìparí ọdún 2020. Ní ọdún 2023, wọ́n ní ó ti di 4.1. Ọ̀pọ̀ èèyàn bínú, ó sì yẹ kí wọ́n bínú. Ṣùgbọ́n NBS kọ ìyípadà náà sílẹ̀: tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò ṣiṣẹ́ tó wákàtí 20 lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń kà sí aláìríṣẹ́, nísinsìnyí, wákàtí kan péré ti tó láti ka èèyàn mọ́ àwọn tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn jiyàn mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Àǹfààní àkọsílẹ̀ nìyẹn.

Ìwé ìtumọ̀ iye tí lẹ́tà yìí ń bèèrè fún kò gùn. Kí wọ́n kọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni tó ṣí Power BI. Kó sọ ìpinnu tí wọ́n fẹ́ fi ìjábọ̀ náà ṣe, àti ẹni tí yóò ṣe é. Kó sọ ohun tí ìlà kan nínú dátà dúró fún: ṣé kànga kan lọ́jọ́ kan ni, àbí ọkọ̀ epo kan? Ralph Kimball, tí ìwé rẹ̀ lórí ilé ìkó-dátà-sí jáde ní 1996, fi èyí ṣáájú yíyan iye tí wọ́n máa kà. Kó wá fún iye kọ̀ọ̀kan ní ìtumọ̀, ọ̀nà ìṣirò, ibi tó ti wá, aago tí dátà rẹ̀ ń yí padà, àti orúkọ ọ̀gá tó ni ín, pẹ̀lú ìbuwọ́lù rẹ̀. Kí wọ́n fi ọwọ́ ṣírò iye ọjọ́ kan síbẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìtumọ̀ bá yí padà, kí wọ́n kọ ọjọ́ àti ìdí.

Àwọn kan á ní kò sí àyè. Ṣùgbọ́n àyè wà fún ìpàdé tí ẹ̀ka méjì ti ń bá ara wọn jà lórí iye tí kò bára mu.

Ẹ̀yin olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga PTI àti FUPRE ní Effurun, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìtumọ̀ iye kí wọ́n tó ya àwòrán rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ fi í sínú àdéhùn pé alágbàṣe kò ní gba owó àkọ́kọ́ kí ìwé ìtumọ̀ tó ní ìbuwọ́lù yín. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀gá bá ní kí ẹ sáré ya ìdá 60, ẹ bi í pé nínú kí ni, kí ẹ sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà.