Ẹni Tí Ó Di Okùn Ẹṣin Mú

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni ẹṣin àti oyè ti ń rìn pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Agbẹ́gilére tí ó bá gbẹ́ ẹlẹ́ṣin sára agere Ifá a máa jẹ́ kí ẹni tí ó gun ẹṣin tóbi ju ẹṣin lọ, kí gbogbo ojú lè rí ọlá rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ní ọjọ́ kẹta ọdún Iléyá, àwọn ìdílé Balógun a máa gun ẹṣin lọ sí Ojúde Ọba láti kí Awùjalẹ̀. Ní Nikki, ní apá àríwá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìbàrìbá a máa péjọ níwájú ọba wọn ní ọdún Gaani, tí kàkàkí yóò sì máa dún. Ní gbogbo ibi wọ̀nyí, ẹni tí ó wà lórí gàárì ni àwọn ènìyàn ń wò. Ẹni tí ó wà nílẹ̀, tí ó di okùn mú, tí ó jí lóru láti fún ẹṣin lómi, kò sí ẹni tí ń bi í léèrè bí ó ṣe sùn.

Ọ̀rọ̀ ẹni yìí ni ó yẹ kí àwọn ọmọ Kpankou, àti gbogbo ọmọ Alákétu nílé lóko, gbé yẹ̀ wò. Ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kí ọlá ọba máa tàn, ó di dandan kí ó tọ́jú ọkàn àwọn tí ń ru ẹrù ọlá náà.

Ẹrù náà kò fúyẹ́. Ọ̀yọ́ ayé àtijọ́, tí agbára rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin, láti òkè ọya ni ó ti ń ra ẹṣin, nítorí pé bí ilẹ̀ bá ti ń sún mọ́ igbó, eṣinṣin tí ń fa àìsàn oorun a máa pa ẹṣin. Nítorí náà, olùtọ́jú ẹṣin ní apá ìhín ń ṣe iṣẹ́ tí ikú kì í jìnnà sí. Ẹranko tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ fún ọdún púpọ̀ lè ṣàìsàn lónìí kí ó sì kú lọ́la. Olówó ẹṣin yóò ka owó tí ó ṣòfò, àwọn ará ilé yóò ní ẹran lásán ni. Olùtọ́jú nìkan ni yóò dá ṣọ̀fọ̀, ẹ̀rù yóò sì máa bà á pé òun ni wọn yóò dá lẹ́bi.

Ìtàn kan wà tí gbogbo onímọ̀ àṣà mọ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1944, Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní Ọ̀yọ́. Àṣà ń retí pé kí Olókùn-ẹṣin, ìjòyè tí orúkọ oyè rẹ̀ gan-an ń sọ ti okùn ẹṣin ọba, bá olúwa rẹ̀ lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1945, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá a dúró, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì kú dípò rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ fi ìtàn yìí ṣe eré Ọba Wàjà. Wọlé Ṣóyínká náà kọ eré tirẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1975. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn lórí àṣà àti òfin òyìnbó. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n béèrè irú ọkàn tí bàbá náà gbé wọlé lẹ́yìn ikú ọmọ rẹ̀, tí ó sì mọ̀ pé gbogbo ìlú ń wo òun.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín. Láyé ogun, ọ̀rọ̀ yẹn mú kí akíkanjú má ṣe sá. Ṣùgbọ́n létí ẹni tí ìsoríkọ́ ti bá, tí kò lè sùn, tí oúnjẹ kò lọ lọ́fun rẹ̀ mọ́, tí sódábì sì ti di oògùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà lè di májèlé. Òwe mìíràn ni ó yẹ kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́: ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ìtìjú ni ó ń pa ẹnu mọ́. Wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Nítorí náà ìdílé a máa fi aláìsàn pamọ́, wọn a sì máa so ẹlòmíràn mọ́ igi. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan, Grégoire Ahongbonon, ti fi hàn pé ọ̀nà mìíràn wà. Ó ṣiṣẹ́ táyà ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire, ó ní takisí, ó pàdánù ohun gbogbo, ìrẹ̀wẹ̀sì sì mú un débi pé ó rò ó láti pa ara rẹ̀. Nígbà tí ó bọ́ níbẹ̀, ó dá ẹgbẹ́ Saint-Camille sílẹ̀, tí ń tú àwọn aláìsàn ọpọlọ sílẹ̀ nínú ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀, tí ó sì ń tọ́jú wọn ní Côte d'Ivoire, ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Tógò. Ẹni tí ó ti ṣubú rí ni ó ń gbé ẹlòmíràn dìde.

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà òyìnbó ni irú ìtọ́jú yìí. Òótọ́ ni pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn òṣìṣẹ́ ibi eré ìje ẹṣin ní ẹgbẹ́ àánú kan, Racing Welfare, tí wọ́n lè pè tọ̀sán tòru bí ọkàn wọn bá dàrú. Ṣùgbọ́n Kétu ti mọ iyì ọ̀rọ̀ sísọ tipẹ́. Kí ni alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, bí kò ṣe àkókò tí a gbà kí ohun tí ń dun ìlú di sísọ ní gbangba, láìsí ẹ̀san?

Ohun tí ó kù ni kí ẹgbẹ́ gbé ìgbésẹ̀. Nígbàkígbà tí a bá pe ẹlẹ́ṣin wá síbi ayẹyẹ ọba, kí ibùsùn, oúnjẹ, ọjọ́ ìsinmi àti owó àwọn olùtọ́jú ẹṣin wà nínú ìṣirò kí owó ìlù àti aṣọ tó wọ̀ ọ́. Bí ẹṣin bá kú, kí àwọn àgbà lọ kí olùtọ́jú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tí ó ṣọ̀fọ̀. Kí ẹgbẹ́ yan àgbà ọkùnrin kan àti àgbà obìnrin kan tí ó mọ bí a ti ń pa àṣírí mọ́, kí nọ́ọ̀sì sì kọ́ wọn bí a ti ń tẹ́tí sílẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ní ayé ti sú òun, kí wọ́n má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí wọ́n má sì ṣe bá a wí. Kí wọ́n mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ọdún 1886, ogun Dàhòmì tú Kétu, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí àwọn tí ó ṣẹ́kù fi padà wá, tí wọ́n tún ilé kọ́, tí wọ́n sì tún fi ọba jẹ. Àwọn ọmọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí wọ́n wo ẹnikẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ tú, kí wọ́n sì sọ pé ó ti parí.