Iṣan Ẹ̀yìn Itan: Ọwọ́ Nìkan Kò Tó

Bí agbábọ́ọ̀lù bá di ẹ̀yìn itan mú lórí pápá ní Sángo tàbí Ọ̀tà, kì í pẹ́ tí ẹnìkan á fi gbé ìpara Robb tàbí Aboniki dé. Wọ́n á dojú ẹni náà bolẹ̀, wọ́n á sì máa fọwọ́ wọ́ ọn lẹ́sẹ̀ títí yóò fi pariwo. Bí ó bá pariwo, wọ́n á ní ó ti ń wọlé nìyẹn.

Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù òpin ọ̀sẹ̀ lágbègbè yìí, láti Ọ̀tà dé Àgbárá, jẹ́ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó ti dúró tàbí jókòó nídìí ẹ̀rọ mọ́jú. Ẹ̀yìn itan wọn á ti le kí fèrè tó dún. Kò sí ẹni tó lè bá wọn wí pé wọ́n wá ẹni tó máa wọ́ wọn lẹ́sẹ̀, nítorí ìtura wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bí físíò, ìyẹn oníṣẹ́ ìlera tó ń tọ́jú iṣan, bá tẹ iṣan náà, tó sì na ẹsẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ á ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe pé iṣan gùn sí i láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ara ló gbà kí wọ́n nà án jìnnà díẹ̀ sí i kí ìrora tó dé, ìyẹn kì í sì í pẹ́ tó fi ń lọ.

Iṣan mẹ́ta ló wà lẹ́yìn itan, láti egungun ìdí tí a fi ń jókòó títí dé abẹ́ orúnkún. Nígbà tí eléré bá ń sáré àsápajúdé, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ na síwájú tí kò tíì kanlẹ̀, àwọn ni búrẹ́ẹ̀kì rẹ̀: wọ́n ń nà, wọ́n sì ń fa ẹsẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń já. Usain Bolt kò ṣaláìní ẹni tó ń wọ́ ọn lẹ́sẹ̀, síbẹ̀ iṣan ẹ̀yìn itan ló dá a wólẹ̀ ní London lóṣù kẹjọ 2017, nínú eré ìje tó fi dágbére fún pápá.

Agbára ni iṣan yìí nílò. Ní Denmark, wọ́n pín agbábọ́ọ̀lù 942 sí ọ̀nà méjì, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011. Ìdárayá kan ṣoṣo ni wọ́n fi kún ti apá kan: kí èèyàn kúnlẹ̀, kí ẹnìkejì di ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kó wá máa rọra dojú bolẹ̀ láìtẹ ìbàdí, kó fọwọ́ gbé ara rẹ̀ nígbà tí agbára bá tán. Ìpalára iṣan ẹ̀yìn itan 15 ló ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn tó ṣe é, 52 láàárín àwọn tí kò ṣe é. Ara á ro èèyàn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ní ti òyìnbó nìyẹn, kó wo Èkó tó bá Ọ̀tà pààlà. Ọ̀mọ̀wé Oluwatoyosin Owoeye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú ìdárayá yìí, nínú ètò FIFA 11+ tó ń gba nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, lọ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ líìgì ọ̀dọ́ Èkó. Ọmọkùnrin 416, láti ọdún 14 sí 19, ló kópa fún oṣù mẹ́fà. Ìwádìí náà jáde ní 2014: ìpalára fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù láàárín àwọn tó ṣe ètò náà, ti ẹsẹ̀ sì fi 48 dín kù.

Ibi tí ọwọ́ ti lè ṣe ìbàjẹ́ tún wà. Iṣan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já, tó dún pọ́ọ̀, tó ń wú tàbí tó ń di dúdú, kì í ṣe ohun tí à ń tẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́; ẹ̀jẹ̀ á tún máa dà sí i nínú. Bí ẹsẹ̀ bá sì ń ta ṣíoṣío kọjá orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó lè jẹ́ pé ẹ̀yìn ni àìsàn wà, fífà á lágbára á sì dá kún un. Físíò tó forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ òfin 1988 tó dá ìgbìmọ̀ wọn sílẹ̀ ló yẹ kó mọ ìyàtọ̀.

Iléeṣẹ́ tó ń ra jẹ́sì tuntun fún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún lè san owó físíò kan fún ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo, kó wá kọ́ kóòṣì ní ìdárayá tó ń gba 20 ìṣẹ́jú yìí. Owó jẹ́sì pọ̀ jù ú lọ.