Ẹni Tó Wọ Aṣọ Pupa

Mo mọ̀ pé oòrùn máa ń mú níwájú pátákó yìí lásìkò bréèkì, nítorí náà mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn jù. Géèmù ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí mo ṣe dárúkọ ẹ̀ báyìí, mo mọ̀ pé àwọn tíṣà kan ti ń fajú ro.

Ṣé ẹ rántí pé ní táámù tó kọjá, wọ́n ká àwọn kan mọ́ yàrá kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù orí ẹ̀rọ nígbà tó yẹ kí wọ́n máa ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún wọn? Láti ọjọ́ yẹn ni òfin ti dé pé kò gbọdọ̀ sí géèmù kankan níbẹ̀ mọ́, ì báà ṣe kékeré, ì báà ṣe ńlá. Èmi ò bá òfin jà. Ẹni tí wọ́n ní kó ṣiṣẹ́ tó wá ń ṣeré, kó gba ìyà ẹ̀. Ohun tí mo ń bá jà ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi kún un lórí asẹ́ńbìlì, pé ọ̀kan náà ni gbogbo géèmù, pé ìpànìyàn ni gbogbo wọn fi ń kọ́ ọmọ. Ẹ forí jì mí, kò rí bẹ́ẹ̀. Mo mọ ọ̀kan tó jẹ́ pé ńṣe ló máa ń yọ máàkì ẹni tó bá pa èèyàn. Ó sì dàgbà ju gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé yìí lọ.

Orúkọ ẹ̀ ni Star Trek: 25th Anniversary. Ilé iṣẹ́ Interplay ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde ní ọdún 1992. Inú eré tẹlifíṣọ̀n tó ń jẹ́ Star Trek ni wọ́n ti mú un, èyí tí Gene Roddenberry dá sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fi hàn ní Amẹ́ríkà láti 1966 sí 1969. Ìpín 79 ni gbogbo ẹ̀. Ayẹyẹ ọdún 25 ni wọ́n ní àwọn fi géèmù náà ṣe. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀: 1966, ẹ fi 25 kún un. Ọdún kan gbáko ni ayẹyẹ náà fi pẹ́! Àfi bí eré ìdárayá ilé ìwé wa tí wọ́n ń sún síwájú lọ́dọọdún.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló gbé e sórí laptop wọn. Laptop yẹn ti gbó débi pé bí èèyàn bá ṣèèṣì fẹsẹ̀ kọ́ wáyà ẹ̀, ó kú nìyẹn. Kò sí géèmù tuntun kan tó lè ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí ń ṣiṣẹ́ geere, torí kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe é fún. (Àwọn kọ̀ǹpútà ilé ìwé wa náà á gbé e dáadáa. Mo kàn ní kí n sọ ọ́ ni o.)

Bó ṣe rí nìyí. Ọkọ̀ ńlá kan tó ń jẹ́ Enterprise ń rìn láàárín àwọn ìràwọ̀. Ìwọ tó ń ṣe géèmù ni Kirk, ọ̀gá ọkọ̀. Iṣẹ́ méje ni wọ́n máa rán ọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀ sì dà bí ìtàn kan lórí tẹlifíṣọ̀n. Tó o bá délẹ̀, ẹ̀yin mẹ́rin lẹ máa sọ̀kalẹ̀: Kirk, Spock, onílàákàyè tí etí ẹ̀ ṣe ṣóńṣó, McCoy, dókítà tí kì í yé ráhùn, àti ẹnì kẹrin. Ẹnì kẹrin yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ẹ̀ṣọ́ ni. Aṣọ pupa ló máa ń wọ̀. Ní iṣẹ́ kan sí òmíràn, ẹlòmíì ni wọ́n máa fi síbẹ̀, pẹ̀lú orúkọ tuntun.

Àwọn tó ń wo eré náà lórí tẹlifíṣọ̀n ti sọ ọ́ di àwàdà láti ọjọ́ pípẹ́. Tí Kirk àti Spock bá mú ẹnì kan tí a ò rí rí dání, tó sì wọ pupa, ẹ máa ki í pé ó dìgbà. Àwàdà náà gbilẹ̀ débi pé "redshirt" ti di ọ̀rọ̀ nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì fún ẹni tí òǹkọ̀wé kàn fi sínú ìtàn kó lè rí ẹni pa. Red House ni èmi náà o. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ gbé wa lọ sí ibì kan tó ń jẹ́ Pollux V. Àwọn ẹlẹ́sìn kan ló tẹ̀dó síbẹ̀, wọ́n ké sí wa pé àǹjọ̀nú ń yọ sí àwọn lórí òkè. Èmi Kirk, mo kó ènìyàn mi, ó di orí òkè. A ò tíì rìn jìnnà tí àwọn ọ̀tá fi yọ sí wa, ni ìbọn bá dún. Ìbọn tí Kirk ń lò, ọ̀nà méjì ló ní: ọ̀kan á mú kí ẹni tó bá bà dákú, ìkejì á pa á. Níbi tí mo ti ń wá èyí tí mo fẹ́ tẹ̀, aláṣọ pupa ti ṣubú. McCoy yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó ti kú.

Mo gbé ọwọ́ kúrò, mo ń retí kí géèmù sọ fún mi pé ó parí. Kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn ló kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu. Tí Kirk bá kú, ó parí. Tí Spock bá kú, ó parí. McCoy náà, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n aláṣọ pupa kú, àwa mẹ́ta tó kù ń bá ìrìn wa lọ bí ẹni pé ẹ̀fọn ni wọ́n pa. Mo ní, "Ó dáa náà, kò séwu." Mo tẹ̀síwájú.

A yanjú ọ̀rọ̀ náà. Àwọn àǹjọ̀nú yẹn kì í ṣe àǹjọ̀nú, ẹ̀rọ ni wọ́n. Àwọn ará àtijọ́ kan ló fi wọ́n ṣọ́ ibì kan nínú ihò kùsà, ẹni tí wọ́n sì ń ṣọ́ ń sùn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu la fi bá a parí ẹ̀, kò gba ìbọn rárá. Inú mi ń dùn. Ni ọ̀gá Kirk bá yọ lójú kọ̀ǹpútà láti fún mi ní máàkì, torí bí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ti parí ni wọ́n máa ń sọ iye tó o gbà nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí mo gbà yẹn, kò ṣeé fi han ìyá ẹni. Mo pariwo pé irọ́ ni, ṣebí mo ṣe é yọrí. Ẹ̀gbọ́n mi ò tilẹ̀ gbé orí sókè nínú ohun tí wọ́n ń jẹ. Wọ́n ní, "O pa ọmọ ọlọ́mọ, o tún ń retí máàkì?"

Mo tún un ṣe. Mi ò ní ṣe bí ẹni pé àánú ló ṣe mí. Máàkì ni mo ń wá. Lẹ́ẹ̀kejì yìí, mo tọ́jú ìbọn mi kalẹ̀ kí n tó gun òkè, mo bá olúkúlùkù sọ̀rọ̀, mo wọ yàrá tí aláìsàn wà kí McCoy lè rí i. Máàkì ń gòkè. Mo wá rí i pé ibi tí mo ti ń kánjú kọjá ni wọ́n kó máàkì pamọ́ sí. Nínú iṣẹ́ kejì, àwọn olè ojú òfurufú gba ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Masada, wọ́n kó àwọn tó wà nínú ẹ̀ mọ́lé. Èèyàn lè fi ẹnu mú kí olórí àwọn olè yẹn túúbá. Ó gba làákàyè ju ìbọn lọ, mo sì kùnà níbẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ kó tó bọ́ sí i.

Ẹ wá fi wé Free Fire tí gbogbo wa ń ṣe lórí fóònù. Ẹni tó bá kẹ́yìn láàyè ló borí. Iye èèyàn tó o pa, wọ́n á kà á fún ọ bí owó. Èmi náà ń ṣe é, mi ò ní parọ́, mo sì mọ̀ ọ́n ṣe. Àmọ́ kò tíì sí ọjọ́ kan tó bi mí pé ẹni tó ń tẹ̀ lé mi ńkọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí ò bá má tà mí tó báyìí, bí kì í bá ṣe ohun kan tó ti ṣẹlẹ̀ kí n tó rí géèmù náà. À ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ìdájọ́ wíwá sílé, èmi ni mo sì gbá a wọnú igbó tó wà lẹ́yìn lábárátórì. Ọmọ JSS1 kan ń kọjá lọ jẹ́jẹ́ ẹ̀. Mo ní, "Ìwọ, wá! Lọ gbé bọ́ọ̀lù yẹn." Kò janpata, ó lọ. Sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Nígbà tó máa jáde, ó gbé bọ́ọ̀lù dání, ó sì ń tiro. Ìgò ti gún un. Mo ní kó lọ fọ̀ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi. Àwa wá ń bá bọ́ọ̀lù wa lọ.

Kò sí ẹni tó yọ máàkì mi lọ́jọ́ yẹn. Kò tilẹ̀ sí ẹni tó bi mí ní nǹkan kan, torí síníọ̀ ni mí. Mi ò mọ orúkọ ọmọ náà. Ẹ̀ṣọ́ àkọ́kọ́ tí mo pa nínú géèmù, mi ò rántí orúkọ tiẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ géèmù sọ ọ́ fún mi.

Ẹ má rò pé mo ń sọ pé géèmù yìí kò ní àbùkù. Ó ní in. Ọmọ kíláàsì mi obìnrin kan tí mo fi hàn ló tọ́ka sí i, kò sì pẹ́ tó fi rí i. Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan wà nínú ọkọ̀ náà, Uhura. Aṣọ pupa lòun náà wọ̀. Òun ló ń bójú tó ìpè láàárín ọkọ̀ kan sí òmíràn. Ọmọbìnrin yìí wò ó títí, ó ní, "Ṣé bó ṣe máa jókòó títí nìyí?" Mo ní rárá, ẹ jẹ́ ká dé iwájú. A dé iwájú. Nínú iṣẹ́ méjèèje, ẹ̀ẹ̀kan péré Uhura ò bá wọn sọ̀kalẹ̀. Orí àga ló wà. Tó o bá fẹ́ bá ọkọ̀ mìíràn sọ̀rọ̀, wàá tẹ̀ ẹ́, á pè é fún ọ.

Ó dùn mí, torí ẹni tó ṣe Uhura kì í ṣe ẹni tó yẹ ká fi sórí àga. Nichelle Nichols lorúkọ ẹ̀. Inú ọ̀rọ̀ Swahili kan tó túmọ̀ sí òmìnira ni wọ́n ti fa orúkọ Uhura yọ. Ní 1966, kí obìnrin dúdú jẹ́ ọ̀gá nínú ọkọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, kó má jẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, nǹkan ńlá ni. Nígbà tí ọdún àkọ́kọ́ parí, ó fẹ́ fi eré náà sílẹ̀. Martin Luther King fúnra ẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Láti 1977, ó bá NASA ṣiṣẹ́, ó ń wá àwọn obìnrin àti àwọn aláwọ̀ dúdú kí wọ́n lè wá di arìnrìn-àjò òfurufú. Mae Jemison, tó ti ń wo Uhura láti kékeré, gòkè lọ ní September 1992, òun sì ni obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó dé ojú òfurufú.

Ẹ tún ọdún yẹn wò. 1992, ọdún tí géèmù yìí jáde. Obìnrin dúdú gidi ń yí ayé po lókè, Uhura inú géèmù jókòó, ó ń gbé ìpè. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe máa ka ẹ̀mí aláṣọ pupa tó bá wọn lọ, wọn ò wá rántí aláṣọ pupa tí wọ́n fi sílẹ̀ sílé. Ibẹ̀ ni mo ti yọ máàkì tiwọn náà.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí Press Club lo kọ̀ǹpútà kan ní ọjọ́ Friday kan lẹ́yìn ìparí iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni ò ní lè ṣe géèmù náà láìkàwé, torí àwọn ìràwọ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà kò ní orúkọ. Inú ìwé tó bá a wá ni orúkọ wọn wà. Ẹni tí kò bá yẹ ìwé wò, ilẹ̀ ọ̀tá ló máa gbé ọkọ̀ ẹ̀ lọ. A ó lẹ máàkì tí a bá gbà mọ́ ara ògiri yìí, ì báà burú, ì báà dára.

Mo ti ní ẹni tó máa jẹ́ Kirk. Mo wá a lọ sí kíláàsì wọn lọ́jọ́ Tuesday, mo ní kó jẹ́ kí n wo ẹsẹ̀ ẹ̀. Ó ti san. Ó ní òun máa wá, ṣùgbọ́n kí n má kọ orúkọ òun sára ògiri.