Kì í Ṣe "Ẹyẹ Òkun" ni Gbogbo Wọn Ń Jẹ́

Àwọn kan wà nínú wa tí wọ́n kàwé dáadáa, tí wọ́n ń wí pé èdè Yorùbá kò lè gbé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Wọ́n ní bí Yorùbá bá wà nínú ọkọ̀ lójú agbami, "ẹyẹ òkun" ni yóò pe gbogbo ẹyẹ tí ó bá rí, àfi bí ó bá yá èdè Gẹ̀ẹ́sì lò. Èmi kò gbà!

Lórí ilẹ̀, aró ni a fi mọ agbe, osùn ni a fi mọ àlùkò, ẹfun ni a fi mọ lékeléke. Ṣùgbọ́n lójú òkun, dúdú òun funfun ni ó pọ̀ jù nínú àwọn ẹyẹ. Ọkọ̀ ń mì, oòrùn ń tàn síni lójú, ẹyẹ kò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí ẹyẹ ti ń fò ni àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ máa ń wò. Èdè wo ni ó wá ní ọ̀rọ̀ fún ìrìn àti ìfò ju tiwa lọ?

Ẹ wo èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní shearwater: a na apá gbọnrangandan, a máa yọ́ lọ lẹ́bàá ìgbì láìju apá. Cape gannet, tí àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ ń ti Gúúsù Áfríkà àti Nàmíbíà wá sí ìhà òkun tiwa, a máa já láti òkè bí ọ̀kọ̀, a sì lu omi pàà. Wilson's storm petrel, tí kò wúwo ju nǹkan bí 40 gíráàmù lọ, a máa ti Antarctica wá. Fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ ni ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ojú omi bí ẹni ń jó. Olè ni skua: a máa lé ẹyẹ mìíràn wàràwàrà títí yóò fi pọ ẹja rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ẹ kò rí i pé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ti ya ẹyẹ kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀?

Ẹnì kan lè wí pé orúkọ gan-an ni a kò ní. Ẹ̀bi ta ni? Láti 1951 ni ọkọ̀ Aureol ti bẹ̀rẹ̀ sí ná Èkó àti Liverpool, ó sì kó akẹ́kọ̀ọ́ wa púpọ̀. Mélòó nínú wọn ni ó kọ ẹyẹ tí ó rí sílẹ̀ ní Yorùbá?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jẹ́ kí a tọ àwọn apẹja Ìlàjẹ lọ, kí a bi wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pe ẹyẹ kọ̀ọ̀kan, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Èyí tí kò bá lórúkọ, kí a fi ìfò rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Èdè wa kò tòṣì. Ojú wa ni ó ń sùn.