Irin Kì í Kú Lójijì

Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àtijọ́ kan bá dákẹ́ sójú ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kan náà ni ẹ óò gbọ́ lẹ́nu ẹni tó ni ín: "Kò yọ mí lẹ́nu rí, ṣàdédé ló kú." Èmi kò gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á gbọ́ mọ́. Irin kì í ṣàdédé kú. Irin a máa ṣàìsàn kí ó tó kú, a máa kérora, a sì máa ránṣẹ́ pe olówó rẹ̀ léraléra. Ẹni tí kò jẹ́ ìpè náà ni ó ń pe ikú ọ̀hún ní òjijì. Nínú ọ̀rọ̀ kékeré yìí ni mo ti rí àìsàn ńlá kan nínú àṣà wa òde òní, òun ni mo sì fẹ́ bá jà níhìn-ín.

Kí a má baà máa sọ̀rọ̀ lófuurufú, ohun kan ṣoṣo ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ: ṣéènì tó wà nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Mercedes-Benz 240D, nínú ìdílé ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní W123. Ní 1976 ni ìdílé ọkọ̀ yìí jáde ní Jámánì, wọ́n sì ń ṣe é títí di nǹkan bí 1986. Bí a bá ka ti bẹntiróòlù mọ́ ti dísẹ́ẹ̀lì, èyí tí wọ́n ṣe lé ní mílíọ̀nù méjì ààbọ̀. Ní ilẹ̀ Mòrókò, 240D yìí ni ó di takisí láti ìlú dé ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún, èrò mẹ́fà a sì máa há sínú rẹ̀ pẹ̀lú awakọ̀. Nítorí agbára rẹ̀ yìí ni àwọn ènìyàn fi ń sọ pé kì í bàjẹ́. Àsọdùn ni. Ohun tó lágbára ń bàjẹ́. Pípẹ́ ni ó ń pẹ́ kí ó tó bàjẹ́, ìpẹ́ náà ni ó sì ń tan ni.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ tí ṣéènì yìí ń ṣe. Nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pá kan wà tí a ń pè ní kiránṣáàfù, òun àti àwọn písítìn ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Lókè ni kámṣáàfù wà, òun ni ó ń ṣí àwọn fáàfù, ìyẹn àwọn ilẹ̀kùn tí atẹ́gùn ń gbà wọlé tí èéfín sì ń gbà jáde. Bí ti ìsàlẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀mejì, ti òkè gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan. Kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Ṣéènì ni ó so àwọn méjèèjì pọ̀, òun náà ni ó sì ń yí pọ́ǹpù tó ń fún dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi wọ́n wé ìyáàlù àti omele: bí ọ̀kan bá ń pẹ́ lẹ́yìn èkejì, ijó ti dàrú.

Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò ní ohun tí ń ṣáná fún un bí ti bẹntiróòlù. Ó ń fún atẹ́gùn pọ̀ ni, títí atẹ́gùn yóò fi gbóná débi pé dísẹ́ẹ̀lì tó bá kàn án yóò gbiná fúnra rẹ̀. Nínú 240D, atẹ́gùn tó kún àyè 21 ni a ń fún mọ́ inú àyè 1. Nítorí náà, nígbà tí písítìn bá dé òkè pátápátá, àlàfo tó kù láàárín òun àti fáàfù kò tó nǹkan. Bí ṣéènì bá já, tàbí tí ó bá fo eyín, fáàfù tó yẹ kí ó ti padé yóò ṣì wà ní ṣíṣí, písítìn yóò sì gbá a. Fáàfù yóò tẹ̀. Nígbà mìíràn, písítìn pàápàá yóò fọ́. Ohun tí ì bá ná ni ní owó ṣéènì kan yóò wá di owó odidi ẹ́ńjìnnì.

Ṣé lójijì ni ó ń já? Rárá o. A máa ń sọ pé ṣéènì "nà", bí ẹni pé rọ́bà ni. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an ni pé àwọn pín-ìn-nì kéékèèké tó so ẹyọ kan mọ́ èkejì ń jẹ, ihò tí wọ́n wà nínú rẹ̀ sì ń fẹ̀. Jíjẹ ẹyọ kan kò tó ohun tí ojú lè rí, ṣùgbọ́n ẹyọ pọ̀ lórí ṣéènì kan, díẹ̀díẹ̀ wọn ni ó sì ń di púpọ̀. Kámṣáàfù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ lẹ́yìn, pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì náà yóò máa pẹ́. Ọkọ̀ kò ní í tètè jí láàárọ̀. Èéfín rẹ̀ yóò pọ̀ sí i. Yóò máa rẹ̀ ẹ́ bí ó bá ń gun òkè. Bí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sítáàtì rẹ̀, ìró ṣàkàṣàkà kan yóò dún níwájú ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò sì dákẹ́ nígbà tí ọ́ìlì bá dé ibi irin tó ń fún ṣéènì le. Ìró yìí ni ìkérora tí mo wí. Dídákẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ìwòsàn.

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí mọ̀ pé ṣéènì ń jẹ. Ìdí nìyí tí wọ́n fi sàmì sí kámṣáàfù lókè, tí wọ́n sì kọ ìwọ̀n dígírì sára irin róbótó tó wà níwájú kiránṣáàfù. Bí mẹkáníìkì bá ṣí ìdérí orí ẹ́ńjìnnì, tí ó fi sípánà yí i sí ọ̀nà tí ó máa ń yí sí, kì í ṣe sẹ́yìn, títí àmì òkè yóò fi ṣe régé, iye dígírì tí ó bá kà nísàlẹ̀ ni yóò sọ bí ṣéènì ti jẹ tó. Bí jíjẹ náà kò bá tíì pọ̀, kọ́kọ́rọ́ irin kékeré kan wà tí a fi ń dá ìpẹ́lẹ́yìn rẹ̀ padà. Bí ó bá ti pọ̀, a óò gé ṣéènì àtijọ́, a óò so tuntun mọ́ ìdí rẹ̀, a óò sì máa yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀díẹ̀ títí tuntun yóò fi gba ipò àtijọ́. A kò ní í sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ rárá. Iṣẹ́ tí ẹni tó mọ̀ ọ́n lè parí kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú nìyí.

Kí ló dé tí a kì í ṣe é? Mo gbọ́ ìdáhùn náà ní ilé ìtọ́kọ̀ṣe kan, lẹ́nu ọ̀gá kan tí iṣẹ́ rẹ̀ dára, nígbà tí mo ní kí ó bá mi wo ṣéènì ọkọ̀ mi. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ ká máa lò ó báyìí. Tó bá já, a ó tún un ṣe." Mo bi í léèrè ẹni tí yóò san owó rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Nínú ẹ̀rín yẹn ni gbogbo ẹjọ́ tí mo ń rò wà: a ti sọ àtúnṣe di iṣẹ́, a sì ti sọ ìtọ́jú di ìyọnu. Àtúnṣe ń mú owó wọlé. Ìtọ́jú kò ní ẹni tí ń yìn ín, nítorí kò sẹ́ni tó lè tọ́ka sí jàǹbá tí kò ṣẹlẹ̀.

Èyí tó burú jù ni ohun tí a ń ṣe lẹ́yìn tí ṣéènì bá ti já tán. Ẹ́ńjìnnì kú, awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó sì bẹ àwọn ọmọkùnrin tó wà nítòsí pé kí wọ́n bá òun ti ọkọ̀. Oore ni wọ́n rò pé wọ́n ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti wọ gíà tí wọ́n sì ń tì í, kiránṣáàfù yóò máa yí, kámṣáàfù yóò dúró lójú kan, àwọn fáàfù tó ṣẹ́kù yóò sì máa tẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì bá kú tòun ti ariwo irin, ẹ má ṣe tún un sítáàtì, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tì í. Ẹ wọ́ ọ lọ ní fíríì, kí a ṣí orí rẹ̀, kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Àwọn kan yóò ní Ògún ló bínú. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo bi yín: ta ni ń bọ Ògún tí ń jẹ́ kí irin rẹ̀ dípẹtà? Alágbẹ̀dẹ kì í fi ọmọ owú rẹ̀ sílẹ̀ sínú òjò. Àgbẹ̀ ń pọ́n àdá kí ó tó lọ sóko. Kì í dúró di ìgbà tí igbó bá ṣẹ́gun rẹ̀. Ẹmu àti èsun iṣu ni a ń gbé lọ sí ojúbọ. Ọ́ìlì tó mọ́, tí a pààrọ̀ lásìkò, ni irin inú ẹ́ńjìnnì ń béèrè. Ẹni tó ṣe ti ojúbọ tí kò ṣe ti ẹ́ńjìnnì kò tíì bọ Ògún tán.

Àwọn mìíràn tún wà, ọ̀mọ̀wé ni wọ́n, tí wọ́n ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ pé àṣà ìtọ́jú kò sí lára ènìyàn dúdú. Àwọn wọ̀nyí ni mo bínú sí jù. Ṣé wọn kò gbọ́ nípa ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́ ni? Láyé àtijọ́, lọ́dọọdún ni wọ́n ń gé koríko bẹẹrẹ wá fún Aláàfin láti fi bo ààfin. Wọn kì í dúró di ìgbà tí òjò bá rọ̀ sórí ọba. Ìtọ́jú ni àwọn baba wa fi sínú kàlẹ́ńdà, tí wọ́n sì sọ di ayẹyẹ. Àwọn ìyá wa ń pa ilẹ̀ ilé, wọn kì í retí kí ó kọ́kọ́ là. Bẹ́ẹ̀ sì ni àìsàn tí mo ń sọ kò mọ àwọ̀ ara. Ní Jámánì kan náà, BMW gbé ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì N47 jáde ní 2007, ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ní ìhà gíàbọ́ọ̀sì, ni wọ́n sì gbé ṣéènì rẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ onílé-ọkọ̀ ní ilẹ̀ Bírítéènì ló fi ẹjọ́ ṣéènì náà sùn. Ẹni tó gbé ohun tí ń jẹ sí ibi tí ọwọ́ kò lè tètè dé, ṣé òun náà ni yóò kọ́ wa ní ìtọ́jú?

Èrò tèmi ni pé àṣà kọ́ la kò ní. Èdè la fi dù ú. Ní 1970, Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, fún ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Iṣẹ́ takuntakun ni wọ́n ṣe. Ta ló tẹ̀ síwájú láti ibẹ̀ dé ilé ìtọ́kọ̀ṣe? Ìwé tó sọ bí a ti ń ka dígírì ṣéènì wà ní Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọṣẹ́ tí ń gbọ́ Yorùbá nìkan ni a wá ń bi léèrè pé kí ló dé tí kò kà á.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ti kọjá ọ̀rọ̀ owó. Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù, tí náírà sì já wálẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò lè ra ọkọ̀ mìíràn. Èyí tó wà lọ́wọ́ ni wọn óò máa lò. Bí ẹ́ńjìnnì 240D bá kú lórí eré ní ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, bíréèkì yóò le, ọwọ́ ìdarí tí ẹ́ńjìnnì ń bá ni yí yóò wúwo, ọkọ̀ akẹ́rù yóò sì wà lẹ́yìn. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti àwa olùkọ́ èdè jókòó pọ̀, kí a kọ ojú ìwé kan péré ní Yorùbá: ìró tí ṣéènì ń ké, bí a ti ń wọn jíjẹ rẹ̀, ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe bí ó bá já. Kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gbogbo ilé ìtọ́kọ̀ṣe. Lẹ́yìn náà, bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún wa pé ṣàdédé ni ọkọ̀ òun kú, kí a mú un lọ sídìí ògiri náà kí ó kà á.